Ṣé ṣòkòtò àgbàbọ̀ ti wá yẹ gbogbo ayé báyìí ni?

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni, bí ò fúnni lẹ́sẹ̀ á ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu. Ẹ wá wo ayé báyìí: mọ́tò àgbàwà, kẹ̀kẹ́ àgbàgùn, ilé àgbàsùn, kódà orin àgbàgbọ́ ló kún inú fóònù wa. Ó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nìyí.

Ẹni tó lówó lọ́wọ́, kí ló dé tó fi máa lọ yá nǹkan lò?

Torí pé owó tẹ́ ẹ san ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ìparí ìnáwó. Mo ra àkàbà kan rí torí gílóòbù kan ṣoṣo tó jó. Mo gùn ún, mo pààrọ̀ gílóòbù, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, bí àkàbà ṣe di ẹrù sí mi lọ́rùn nìyẹn o, kò gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ́rídọ̀ ló fẹ̀yìn tì sí, gbogbo ìgbà tí mo bá sì dìde lóru ni mò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ ọ́. Mọ́tò náà kò yàtọ̀, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìrìnnà sọ pé nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 àkókò ni mọ́tò téèyàn ń dá lò máa ń wà lójú kan, ká sọ pé nínú wákàtí 24, bóyá ló fi ń rìn ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀ pé, iye ẹ̀ sì ń já wálẹ̀ níbi tó dúró sí.

Ṣebí yíyá nǹkan ti wà tipẹ́, kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀?

Ó ti wà o. Lọ́dún 1965 ní Amsterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Provo fi ọ̀dà funfun kun kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e sójú pópó láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í, pé kí ẹni tó bá wù gùn ún, làwọn ọlọ́pàá bá kó o lọ, wọ́n ní òfin ò fàyè gba kẹ̀kẹ́ tí wọn ò tì. Lọ́dún 1979, ìlú Berkeley ní California bẹ̀rẹ̀ sí í yá aráàlú ní irinṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń yá wọn níwèé ní láíbìrì.

Fóònù ló wá sọ ọ́ di ńlá. Tẹ́lẹ̀ ẹ ò mọ ẹni tó ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kọ́kọ́rọ́ wàhálà, owó sísan wàhálà. Báyìí ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ lórí máàpù, ẹ gbé fóònù sún mọ́ àmì dúdú-funfun tó wà lára ẹ̀, lọ́ọ̀kì á ní kẹ̀, ó ti ṣí, owó sì ti kúrò ní àkáǹtì yín.

Àlejò tí mi ò mọ̀ rí, ṣé kí n kàn gbà á sínú ilé mi ni?

Ohun tí Brian Chesky àti Joe Gebbia ṣe ní San Francisco ní 2007 nìyẹn, owó ilé ló le mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, wọ́n gba àlejò mẹ́ta, ibẹ̀ ni Airbnb, ilé-iṣẹ́ tó ń báni wá àlejò tó máa sanwó sùn nínú ilé ẹni, ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀ ni pé ẹ mọ orúkọ onítọ̀hún, owó ti wà nílẹ̀, ìràwọ̀ bíi máàkì sì wà tí olúwa ẹ̀ á fún yín lórí áàpù, tẹ́yin náà á fún un. (Ìràwọ̀ yẹn náà ṣá, ojú ń tini, gbogbo wa la kàn ń fún wọn ní márùn-ún.)

Ṣé pínpín la wá lè pe gbogbo èyí?

Níbí lèmi ò ti gbà. Àjọni wà, yíyá wà, háyà náà wà, àwọn tó ń polówó nǹkan wọ̀nyí ló pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, torí pínpín dùn létí ju háyà lọ. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó, tí ilé-iṣẹ́ kan wà láàárín tó ń yọ tiẹ̀, háyà ni. Kóòtù náà ti ń sọ ọ́: ní December 2017 ilé ẹjọ́ àgbà ilẹ̀ Yúróòpù ní iṣẹ́ ọkọ̀ ni Uber, tí wọ́n fi ń pe mọ́tò lórí fóònù, ń ṣe, wọn kì í ṣe áàpù lásán. Ti ilé tún wá burú jù, àwọn kan ń ra fúláàtì jọ torí àlejò nìkan, àwọn tó ń gbé ìlú ò wá rí ilé gbà, ìyẹn ni New York ṣe fi òfin mú wọn ní 2023, tí Barcelona sì ní òun máa fòpin sí ìwé àṣẹ ilé àlejò bẹ́ẹ̀ tó bá fi máa di 2028.

Orin àti fíìmù ńkọ́?

Háyà ni. Ẹ dáwọ́ owó dúró lóṣù kan kẹ́ ẹ wò ó.

Ṣé ó ti dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́ rí?

Ha, ẹ bi àwọn ará China. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Peking ló dá Ofo, ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àgbàgùn, sílẹ̀ ní 2014, ẹ máa san owó ìdógò kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ wá pọ̀ ju ẹni tó ń gùn ún lọ, ilé-iṣẹ́ míì náà ń da tiẹ̀ síta, ìgbà tó fi máa di ìparí 2018, iye tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló wà lórí ìlà tí wọ́n ń béèrè owó ìdógò wọn padà, kẹ̀kẹ́ sì gorí ara wọn bí òkè lórí pápá. Kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tẹnì kan, ta ló fẹ́ bá wọn tún un ṣe?

Kí lẹ̀yin fúnra yín wá ń rà, kí lẹ sì ń yá?

Ohun tí mò ń lò lójoojúmọ́, mo máa ń rà á. Àkàbà yẹn ti kúrò ní kọ́rídọ̀ mi, mo gbé e fún aládùúgbò mi tó láyè lẹ́yìn ilé, tí gílóòbù bá ti jó mo máa ń kanlẹ̀kùn, á ní ẹ lọ mú un, kò sí áàpù, kò sí ìràwọ̀ kankan.