Kí ni wọ́n ń pè ní pípín iṣẹ́ láàárín àgbáyé? Ẹ jẹ́ ká ti ibi kòkó Ìdànrè wò ó

Ẹni tó bá gba Ìdànrè kọjá lásìkò kòkó á mọ òórùn yẹn, òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 kí wọ́n tó wá sá a sórí sìmẹ́ńtì, torí kòkó tí ò bá kan dáadáa, ṣokoléètì ẹ̀ ò ní ládùn. Iṣẹ́ ọpọlọ ni o. Àmọ́ tó bá wá dórí ìwọ̀n, bàbá tó loko gan-an ló máa ń bèèrè pé "èló ni wọ́n ń rà á lónìí?" Kì í ṣe òun ló ń dá owó lé e, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ náà kọ́, ọjà London àti New York niye ẹ̀ ti ń wá. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000, ìkórè tí ò dáa ní Ivory Coast àti Gánà ló fà á jù.

Pípín iṣẹ́ láàárín àgbáyé nìyẹn: ibì kan ń gbìn, ibì kan ń lọ̀ ọ́, ibì kan ń fi ṣe ohun títà, ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa pinnu ohun táwọn tó kù máa ṣe. Ìkẹyìn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó wò ó dénú ni Stephen Hymer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní 1934, tó tún ṣèwádìí ní Gánà. Nígbà tó ń ṣe ìwádìí fún oyè dókítà (PhD) ẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tó parí ní 1960, ohun táwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà ni pé ibi tí èrè bá ti pọ̀ lowó ń lọ, òun ló ń gbé iléeṣẹ́ lọ sókè òkun. Hymer ní rárá o, àwọn iléeṣẹ́ yẹn fẹ́ fọwọ́ ara wọn darí iṣẹ́ tó wà lókè òkun ni, wọ́n ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí orúkọ ọjà táwọn onílé ò ní, wọn ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá wọn du ọjà. 1976 niṣẹ́ yẹn tó di ìwé, ó ti kú ní 1974.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni pé ó rí àwọn iléeṣẹ́ yìí bí ilé alájà mẹ́ta. Nísàlẹ̀ niṣẹ́ ojoojúmọ́ wà, ìyẹn lè wà níbikíbi tí òṣìṣẹ́ àti ohun èlò bá wà. Láàárín làwọn tó ń mójú tó wọn, nínú ìlú ńláńlá. Lókè pátápátá làwọn tó ń pinnu ibi tówó máa lọ, New York, London, Tokyo, wọn kì í jìnnà sí báńkì àti ìjọba. Bí ọ̀gá ṣe ju òṣìṣẹ́ lọ nínú iléeṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú kan á ṣe máa ju ìlú kan lọ.

Ní 1977 àwọn ará Jámánì mẹ́ta, Fröbel, Heinrichs àti Kreye, fi àpẹẹrẹ àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ wọn hàn wá pé fáktìrì fúnra ẹ̀ ti ń kó lọ síbi tówó oṣù ti kéré.

Fáktìrì lè kó wá, kí àjà òkè ṣì wà níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ká ṣáà ti kọ́ fáktìrì. Èyí tó ń lọ kòkó wà ní Ilé-Olújì tipẹ́, mo sì fẹ́ kírú ẹ̀ pọ̀ sí i, àmọ́ tó bá jẹ́ bọ́tà kòkó la ṣì ń tà fún ẹni tó lorúkọ tó wà lára ṣokoléètì, àjà ìsàlẹ̀ la ṣì wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń forúkọ ọjà sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tajà kòkó ní London mọ́ ọn.