Ìwé Orí Kántà: Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ti Ń Di Iṣẹ́

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ adájọ́, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ní àdììtú nínú. Àwọn adájọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn l'Ábújá, National Judicial Institute. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀, ń dá ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ mìíràn lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á pe èèyàn jọ, wọ́n á ka òfin sí wọn létí, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kántà tésàn ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mú sí wà, ló yẹ ká tẹjú mọ́, torí ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà wọlé.

Èrò kan gbòde tó ń dá iṣẹ́ yìí dúró: pé àìmọ̀ ló ń mú kí ọlọ́pàá ti èèyàn mọ́lé láìtọ́, pé bí a bá ti kọ́ wọn, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. "Béèlì, ọ̀fẹ́ ni" wà lára ògiri tésàn káàkiri Nàìjíríà, síbẹ̀ àwọn ará ilé ẹni tí wọ́n mú ṣì ń tu owó jọ kí wọ́n tó lọ gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ń gba owó náà mọ ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Ẹni tí yóò wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni kò rí.

Àwọn tó ń dá àjọ ti mọ èyí tipẹ́. Ìyá aláta kò fún alájọ lówó lójoojúmọ́ nítorí pé alájọ búra. Káàdì tó wà lọ́wọ́ òun náà ló fọkàn tán. Bí alájọ bá fa ìlà sínú ìwé tirẹ̀, yóò fa ìlà sínú káàdì ìyá náà, lójú rẹ̀. Bí oṣù bá pé, wọ́n á gbé méjèèjì síra wọn. Kódà alájọ tí ojú rẹ̀ ń wọ owó yóò ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀.

Bí Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Lóṣooṣù, ọ̀gá tésàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ kóòtù tó májísíréètì tó sún mọ́ wọn jù létí. Májísíréètì àgbà, tàbí májísíréètì tí Adájọ́ Àgbà bá yàn bí kò bá sí i ládùúgbò náà, gbọ́dọ̀ lọ sí tésàn fúnra rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Yóò gba ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹnì kan wá sí kóòtù. Bí ọlọ́pàá bá sì ti kọ̀ láti fún ẹnì kan ní béèlì, òun lè fún un, bí ẹ̀sùn náà bá wà lábẹ́ agbára rẹ̀. Òfin kò dá ọjọ́ kan pàtó fún un. Ọgbọ́n ńlá ni ìyẹn, torí ọjọ́ tí wọn kò retí rẹ̀ ni ìwé náà máa sọ òótọ́ jù.

Ṣùgbọ́n kíka ìwé yẹn gba ojú inú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kajú ṣe àpẹẹrẹ. Oníṣòwò kan fún àgbẹ̀ lówó sílẹ̀ kí kajú tó so. Òjò ba òdòdó rẹ̀ jẹ́, àgbẹ̀ kò rí ẹrù kó, oníṣòwò gba tésàn lọ. Gbèsè ni èyí, òfin ọdún 2020 yẹn sì sọ ọ́ gbangba pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí pé àdéhùn owó yẹ̀ lásán. Ta ni yóò wá kọ "gbèsè" sínú ìwé? "Jìbìtì" ni wọn yóò kọ, tàbí pé ó jẹ ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀sùn méjèèjì wà nínú Penal Code tí ìpínlẹ̀ Kogi jogún lọ́wọ́ ilẹ̀ Àríwá àtijọ́. Májísíréètì tí kò ní òye ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yóò rí "jìbìtì", yóò ṣí ojú ewé tó kàn. Èyí tó ní in yóò béèrè pé ta ló mú ẹ̀sùn wá, ìgbà wo ni owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé tésàn ni wọ́n ti wá ń ṣètò bí wọn yóò ṣe san án? Bó bá jẹ́ ìyá ẹni 60 ọdún ló wà ní sẹ́ẹ̀lì nítorí owó tí ọmọ rẹ̀ gbà, yóò rántí pé Òfin Ọlọ́pàá kan náà kọ̀ kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn.

Yóò wo aago pẹ̀lú. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ 1 ni wọ́n ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú débẹ̀; bí kò bá sí, ọjọ́ 2, tàbí iye tí kóòtù bá rí pé ó bójú mu. Lọ́nà Búnú àti Yàgbà tí ìlú ti jìn síra, ó rọrùn láti fi "kóòtù jìnnà" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mú un lóko ni àkókò bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n rí bírò kọ orúkọ rẹ̀.

Ètò yìí ní àléébù. Ìwé kò lè sọ orúkọ ẹni tí wọn kò kọ sí i, irú ẹni tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kántà láti àná, tí wọ́n ní ó kàn ń ran ìwádìí lọ́wọ́ ni. Àfi kí májísíréètì dìde, kó wọ ẹ̀yìn lọ, kó ka orí èèyàn, kó fi iye wọn wé orúkọ tó wà nínú ìwé. Oṣù kan sì gùn jù fún ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ọlọ́pàá kan náà ṣe ṣí ọ̀nà kejì. Bí wákàtí 24 bá kọjá tí wọn kò fún un ní béèlì, tí ẹ̀sùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ikú, wọ́n lè bá a tọrọ béèlì ní kóòtù. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Kóòtù yóò ní kí wọ́n gbé e wá, yóò wádìí ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Ọwọ́ akọ̀wé kóòtù ni èyí kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Akọ̀wé tó mọ òfin yìí yóò mú bàbá àgbà tó wá láti oko wọlé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní kó lọ wá lọ́yà àti ìwé wá. Bí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò bá kárí, akọ̀wé yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè.