Mọ́tò, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ àjẹ̀: báwo la ṣe ń ṣètò sàfárì etí odò Zambezi?

Wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù fún sàfárì, ìyẹn ìrìn àjò láti lọ wo ẹranko igbó, létí odò Zambezi tó wà láàárín Zambia àti Zimbabwe. Ṣé kì í ṣe ìgbà òjò lomi ń pọ̀ ni?

Omi pọ̀ lóòótọ́, ohun tó sì ń ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyẹn. Láti oṣù Kọkànlá títí dé nǹkan bí oṣù Kẹrin, gbogbo kòtò inú igbó ló ń kún, koríko á ga, erin ò sì ní ohunkóhun tó fẹ́ wá ṣe létí odò. Ọ̀nà á di ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ ibùdó àlejò á ti ilẹ̀kùn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé ní oṣù Karùn-ún, àwọn kòtò á máa gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku odò nìkan. Ìgbà náà ni erin, ẹfọ̀n àti ìgalà ń wọ́ wá, kìnnìún á sì tẹ̀ lé wọn.

Igi kan wà ní ọgbà ẹranko Mana Pools, ní apá Zimbabwe, tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀: Faidherbia albida. Ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tutù yọ̀yọ̀. Èso rẹ̀ sì ń já bọ́ nígbà tí oúnjẹ ti tán nínú igbó. Àwọn akọ erin kan níbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró kí ọwọ́jà wọn lè tó ẹ̀ka òkè. Àmọ́ ooru oṣù Kẹwàá níbẹ̀ lè kọjá 40 ní ìwọ̀n Celsius. Tó bá jẹ́ èmi, oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án ni màá mú.

Nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ àjẹ̀, èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Mọ́tò. Ó ń jẹ́ kí ojú mọ́ ẹranko, kí etí sì mọ ohùn wọn, kó tó di pé ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni kó gbẹ̀yìn.

Kí ló dé tí erin tí kò ka mọ́tò sí fi ń gbaná jẹ tó bá rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn?

Lójú ẹranko inú ọgbà, mọ́tò àti gbogbo èrò inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan gbàǹgbà kan ṣoṣo tí kì í lépa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣàdédé dìde dúró nínú mọ́tò tí kò lórùlé ti ba àwòrán yẹn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà fi máa ń ní kẹ́ ẹ jókòó. Èèyàn tó dá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì ńkọ́? Ọdẹ ni ẹranko mọ̀ ọ́n sí láti ayébáyé. Púpọ̀ wọn á sá; èyí tí ẹ bá já lù lójijì ni wàhálà.

Torí náà, ẹ ó tò lẹ́yìn ara yín, ìbọn á wà níwájú, ẹnu á pa mọ́. Amọ̀nà á mú àpò eérú kékeré dání, á máa gbọ̀n ọ́n, á máa wo ibi tí eérú ń fẹ́ gbà, kí atẹ́gùn má baà gbé òórùn yín lọ bá ẹranko. Bí kìnnìún bá yọ, ẹ má sáré. Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, torí eṣinṣin tsetse tó ń jẹni fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì. Norman Carr, olùtọ́jú ẹranko igbó, ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò fẹsẹ̀ rìn báyìí ní àfonífojì odò Luangwa, ní Zambia, láàárín ọdún 1950 sí 1969. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun rí nǹkan fìrí: ẹ ó rí erin ní erin.

Ṣé erinmi ò ní dojú ọkọ̀ dé?

Ó lè dojú rẹ̀ dé o. Ọ̀sán ni erinmi ń wà lómi kí oòrùn má baà jó awọ rẹ̀. Alẹ́ ló ń gòkè lọ jẹko. Kò mọ̀wẹ̀ dáadáa, ìsàlẹ̀ odò ló ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì lè sé èémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibú ni ibi ìsádi rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà láàárín òun àti ibú ti di ọ̀tá.

Amọ̀nà tó gbọ́n á máa fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò, kò, kí wọ́n lè gbórí sókè. Á ka orí wọn, á dúró títí gbogbo wọn á fi yọjú, á wá gba ibi tí omi ò ti jìn kọjá. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀kan wà, á yà fún ọ̀nà tó máa gbà padà sómi. Ẹ má ki ọwọ́ bọ omi rárá, nítorí ọ̀nì.

Ní ti agbára apá, ẹ má fòyà. Ìlú Chirundu létí odò ni ọ̀pọ̀ ti ń gbéra, wọ́n á sì máa bá ìṣàn lọ. Ṣùgbọ́n ìdídò (dáàmù) Kariba tó wà lókè odò, èyí tí wọ́n parí ní 1959, ló ń pinnu bí omi ṣe máa ga tó. Òkìtì iyanrìn tẹ́ ẹ fẹ́ pàgọ́ sí lè wọ omi.

Ṣé a lè gbé ọsàn dání?

Kì í ṣe sí Mana Pools, wọ́n ti kà á léèwọ̀. Erin ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á sì fọ́ mọ́tò tàbí ya àgọ́ nítorí rẹ̀.

Ìwé àti oògùn ńkọ́?

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò kàádì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání. Ẹ lo oògùn ibà ẹlẹ́fọn pẹ̀lú. Ẹni tó ti pẹ́ ní London kó má gbójú lé e pé ará Ìbàdàn lòun, ara ti gbàgbé. Zambia wà ní èbúté kan, Zimbabwe ní èkejì, àárín odò sì ni ààlà wà. Ẹ má gúnlẹ̀ sí apá tẹ́ ò gba físà rẹ̀.