Ẹ̀tọ́ omi àti àyẹ̀wò àyíká lórí àwọn oko ńlá àtijọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹ̀tọ́ omi àti àyẹ̀wò àyíká jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tó máa ń jẹ yọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ oko kòkó, oko ọ̀pẹ tàbí oko rọ́bà àtijọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó di àdúgbò, iléeṣẹ́ tàbí oko irú mìíràn. Òfin mẹ́ta ló wé mọ́ ọn jù: Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 tí gbogbo ènìyàn ń pè ní EIA, àti Òfin Omi ti 1993. Àṣà ìbílẹ̀ ni ìkẹrin, òun ló sì dàgbà jù nínú wọn.

Ìtàn àwọn oko náà

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí owó kòkó ń gbé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ró, ìjọba ẹkùn náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú láti fi dá oko ńlá. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, àwọn tó bọ́ sínú ààlà rẹ̀ di tirẹ̀. Lára àwọn oko ńlá tí wọ́n mọ ìpínlẹ̀ náà mọ́ ni ti kòkó ní Ọ̀dà lẹ́bàá Àkúrẹ́, ti rọ́bà ní Àràròmí-Obù àti ti ọ̀pẹ ní agbègbè Òkìtìpupa. Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká. Igi ń darúgbó, ọmọ àgbẹ̀ ń wọ ìlú, Àkúrẹ́ tó ti di olú-ìlú sì ń fẹ̀. Ọ̀pọ̀ oko kòkó ẹbí lọ́nà Ọ̀dà, ní Ìjọ̀kà àti lápá Ọbà-Ilé ti di ilé báyìí. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìnkùlé dáadáa lè rí igi kòkó kan tàbí igi obì tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Omi nínú àṣà

Àlejò tó bá gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n lè gbà á láyè láti gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kòkó gba àdéhùn lọ́tọ̀, nítorí igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń jọ ẹ̀rí ìní. Ti omi kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí odò. Ìlò rẹ̀ ni wọ́n ń tò: apá òkè ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú. Ẹni tó bá rẹ ẹ̀gẹ́ lókè odò yóò gbọ́ ohùn àwọn ìyá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọ̀nà odò náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìbáà gba àárín oko ẹlòmíì kọjá. Nígbà tí oko bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun tó mọ odi yí i ká, ọ̀nà odò yìí ló máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́, kò sì sí nínú àwòrán tí awọnlẹ̀ yà.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Lílo Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ó lè gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní ará ìlú, ṣùgbọ́n abala 29 ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó wà lórí rẹ̀: owó ilé, owó irè oko àti owó iṣẹ́ tí ó ṣe sórí ilẹ̀. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó tí ó san fún ìjọba lórí rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n gbà á. Nípa bẹ́ẹ̀, wọn a ka igi kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì díye lé kànga tí ènìyàn fi owó rẹ̀ gbẹ́. Odò kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín.

Òfin Omi ti 1993 ló dá sí i. Ó fi àkóso odò tó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, àti ti omi abẹ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ilé tàbí fún ẹran ọ̀sìn níbi tí ará ìlú bá ní àyè láti dé. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, yálà nípa ìwé tàbí nípa àṣà, lè lo omi abẹ́ ilẹ̀ náà tàbí ti odò tó bá a pààlà fún ìlò ilé, ẹran ọ̀sìn àti ìbomirin oko tirẹ̀. Ìlò tó bá ju èyí lọ gba àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àkúrẹ́ tààrà. Odò Àlà gba àárín ìlú kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sínú Ògbèsè. Ògbèsè ti ilẹ̀ Èkìtì wá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí dé ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ojú àgbàrá tí ọmọdé ń fò lórí ilẹ̀ oko ìpínlẹ̀ lè jẹ́ orísun odò ìjọba àpapọ̀.

Àyẹ̀wò àyíká

Òfin EIA sọ pé ìjọba tàbí aládàáni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè ba àyíká jẹ́ láìkọ́kọ́ gbé ipa rẹ̀ yẹ̀ wò. Àtẹ òfin náà ka àwọn iṣẹ́ tí àyẹ̀wò kíkún ti di dandan fún. Yíyí irú ohun ọ̀gbìn padà lórí oko ńlá tó tó hẹ́kítà 500 wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àgbẹ̀ tó máa ṣí ìdílé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nípò, ilé kíkọ́ lórí hẹ́kítà 50, àti fífa omi abẹ́ ilẹ̀ tó ju mítà oníkúbìkì 4,500 lọ lójúmọ́.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí a máa bu omi wò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí ṣe pàtàkì ní Àkúrẹ́, níbi tí àpáta ti wà lábẹ́ ilẹ̀ gbogbo: inú iyẹ̀pẹ̀ tó ti ara àpáta jẹrà àti inú ojú ibi tí àpáta ti là ni omi ń gbé, ọ̀pọ̀ kànga a sì gbẹ kí òjò tó tún dé. Omi tí wọ́n bù ní oṣù Kẹsàn-án nìkan kò lè sọ ti oṣù Kejì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n a gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì fèsì. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà máa ń jẹ́, ó máa ń nípọn, secretariat ìjọba ìbílẹ̀ sì jìnnà sí abà. Nítorí náà, ìpàdé tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ará abà kí wọ́n tó kọ ìwé náà ló wúlò jù, bí ẹnìkan níbẹ̀ bá rántí dárúkọ ọ̀nà odò.

Ohun mìíràn tó yẹ kí àyẹ̀wò wá lórí oko kòkó ni oògùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbẹ̀ ń fi oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe, aláwọ̀ búlúù tó máa ń ta sára ewé àti aṣọ, dènà àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú. Bàbà kì í jẹrà. Inú ilẹ̀ òkè ló ń dúró sí. Gammalin 20 ni wọ́n fi ń pa kòkòrò kí wọ́n tó fòfin dè é, àwọn kan sì máa ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja. Bí katakata bá hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ewé kòkó tó ń dá òjò dúró kò sí mọ́, àgbàrá lè gbé iyẹ̀pẹ̀ náà lọ sínú odò.

Òfin ètò ìlú ti 1992 tún béèrè ìwé àyẹ̀wò fún ilẹ̀ ilé gbígbé tó bá ju hẹ́kítà 2 lọ. Nǹkan bíi púlọ́ọ̀tì 30, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú hẹ́kítà 2. Ẹbí tó bá ń ta oko bàbá wọn ní púlọ́ọ̀tì kan lóṣù yìí, méjì lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì ra púlọ́ọ̀tì kan kò ní ìwé àyẹ̀wò kankan láti mú wá.