Díìṣì Orí Òrùlé Kì Í Kú Pẹ̀lú Owó Oṣooṣù

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí àwọn kò bá sanwó tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì mọ́, tàbí tí iléeṣẹ́ náà bá kógbá sílé gẹ́gẹ́ bí HiTV ti ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2011, díìṣì tó wà lórí òrùlé kò wúlò mọ́ ju kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Orúkọ iléeṣẹ́ tí a kọ gàdàgbà sí i lára ló ń tan wá jẹ.

Dikódà àti káàdì inú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ ń tì pa. Díìṣì kò ní ibi tí a ti lè tì í: abọ́ irin lásán ni, tí a tẹ̀ lọ́nà tí ìgbì tó bá kọlù ú yóò fi ta lọ sí ojú kan ṣoṣo, níbi tí LNB, ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú díìṣì, ti ń gbà á. LNB tó wọ́pọ̀ ń gba ìgbì láti 10.7 GHz dé 12.75 GHz, ìbáà jẹ́ ti ta ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ra dikódà free-to-air, tí oníṣẹ́ sì bá a yí díìṣì náà sí sátẹ́láìtì tó yẹ, yóò máa wo àwọn ìkànnì tí a kò tì pa láìsan kọ́bọ̀ lóṣù. Kò ní rí bọ́ọ̀lù tí a ń sanwó fún wò o, ẹni tó bá sì ní òun yóò gba ẹ̀bùrú ṣí i, olè ló ń jà.

Èyí tó wù mí jù ni ti Es'hail-2, sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè Qatar tí wọ́n gbé lọ sí òfuurufú ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ fún àwọn tí ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe fún òwò. Áfíríkà wà lára ibi tí ìgbì rẹ̀ dé. Ohùn wọn ń bọ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí 10,489.5 MHz, ìyẹn nǹkan bí 10.49 GHz; ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí 10.7, àmọ́ LNB sábà máa ń gbọ́ ọ. LNB máa ń rẹ ìgbì sílẹ̀ kí ó tó rán an sínú wáyà: yóò yọ 9,750 kúrò, yóò ku 739.5, èyí tí ẹ̀rọ kékeré RTL-SDR tí a ń kì bọ USB kọ̀ǹpútà lè gbọ́, bí a bá ti wá iná fún LNB náà. Ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Àwọn mìíràn ń lẹ fọ́ìlì mọ́ inú díìṣì láti fi oòrùn se oúnjẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ibi tí ìtànṣán náà ti pàdé lè jóni, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ní ti dikódà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ń tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà HDMI àti ádápítọ̀ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń wúlò.