Lẹ́tà Tí Lincoln Kò Fi Ránṣẹ́

Ọkùnrin kan tún wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ti fi fọ́ìsì nóòtù bú ọ̀gá rẹ̀ lórí Wasáàpù ní aago méjì òru, iṣẹ́ ti bọ́, ó wá ní kí n fún òun lóògùn ìbínú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé láàárín oṣù méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: “Màmá Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Àwọn èèyàn ńlá ni Ọlọ́run fún ní sùúrù.”

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865, wọn kò bí sùúrù mọ́ ọn. Ní 1842, ó forúkọ obìnrin bojú nínú ìwé ìròyìn, ó fi òṣèlú kan, James Shields, ṣe yẹ̀yẹ́. Shields ní kó wá bá òun fi ohun ìjà jà, àwọn méjèèjì nìkan. Lincoln tó ga bí ọ̀pẹ ló yan idà. Wọ́n ti dé erékùṣù inú odò Mississippi káwọn ọ̀rẹ́ tó là wọ́n. Ọmọ ọdún 33 ni, agbẹjọ́rò!

Ìsoríkọ́ ń bá a fínra pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní 1841, ó kọ̀wé pé kò sí ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ tó tòun láyé. Pé ìsoríkọ́ jẹ́ àìsàn tó ń fẹ́ ọsibítù, mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn lónìí. Ó yẹ kí ẹ ti mọ̀.

Ó wá di oṣù Keje 1863. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà. Meade, ọ̀gágun Lincoln, ṣẹ́gun Lee, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀, ní ìlú Gettysburg, àmọ́ ó jẹ́ kí Lee àti ọmọ ogun rẹ̀ ráyè kọjá odò Potomac. Inú Lincoln ru. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ó kọ lẹ́tà sí Meade pé ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ Lee, pé ogun yóò wá máa fà lọ báyìí. Ó ká a sínú àpòòwé, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé òun kò fi í ránṣẹ́, òun kò sì buwọ́ lù ú.

Kò gbé ìbínú náà mì o. Ó tú u síta, síbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Bébà ni kí ẹ lò, kì í ṣe fóònù: àtàǹpàkò máa ń yọ̀ lórí fóònù, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, èébú pẹ̀lú. Ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ jẹun àárọ̀ kí ẹ tó tún un kà.

Àwọn tó ń ta àgbo ìbínú ńkọ́? Lincoln náà lo oògùn ìsoríkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní “blue mass”. Mẹ́kúrì ló wà nínú rẹ̀, ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́ gan-an! Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé ó pa á tì ní 1861, torí ṣe ló ń sọ ọ́ di oníkanra. Dókítà ìgbà yẹn tilẹ̀ mọ ohun tó ń pò. Ẹni tó ń gbé ìgò kiri inú bọ́ọ̀sì ńkọ́?

Oníbàárà mi ọjọ́ Ajé ní ọ̀kan nínú báàgì. Mo ní kó fi sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Ó ní òun ti sanwó ẹ̀, ó sì tún un dì pa mọ́. Mo fún un ní bébà àti bírò.

Ó ní ṣé òun ò lè tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni.