Ìlà dúró-ná kì í ṣe bọ́dà

Mo dúró ti ìyá alákàrà kan ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, rédíò ń ka ìròyìn. Wọ́n ní Íńdíà àti Pakístánì tún ń fa wàhálà ní "ìlà kọ́ńtírọ́ọ̀lù", ìyẹn ìlà tó la Kashmir, ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń jà sí, sí méjì. Ìyá da àkàrà sínú epo, wọ́n ní: "Ṣé ìwé ọkọ̀ wọn ò pé ni?" Ìyá ò jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa, kọ́ńtírọ́ọ̀lù ni ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, tí dẹ́rẹ́bà á fi ìwé lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ Faransé sọ sínú Yorùbá láìtú u ló jẹ̀bi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àjàṣẹ́, tíṣà ni wọ́n, ní kí n máa kọ "ìlà ìdarí". Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlà ń darí? Mọ́tò là ń darí, akọrin là ń darí. "Ìlà ìkáwọ́" sàn díẹ̀, àmọ́ ó dà bíi pé ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú ti di tirẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà lé lórí gan-an nìyẹn. "Bọ́dà" ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ìlà dúró-ná lèmi ń pè é. Gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ náà wà lórí "ná". Bí onílé bá ní "jókòó ná", kò ní kí o sùn síbẹ̀. Bí àgbà bá ní kí oníjà méjì "dúró ná", kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre. Ohun tí Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, àti Zulfikar Ali Bhutto, ààrẹ Pakístánì, fọwọ́ sí ní ìlú Simla ní Íńdíà ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1972 nìyẹn: kí kálukú bọ̀wọ̀ fún ìlà náà, láìjẹ́ pé ẹ̀tọ́ tó ń jà fún bàjẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Bàbá kú, kò pín oko. Ọmọ méjì gbé ọkọ́, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, èkejì láti ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń kọ ebè bọ̀ títí wọ́n fi pàdé, ni ìjà bá dé. Baálé ní: "Ibi tí ọkọ́ kálukú dé, kí ó dúró síbẹ̀ ná." Ẹnikẹ́ni ò gbin pèrègún. Pèrègún ni ààlà. Ibi tí ọkọ́ dé ni dúró-ná.

Oko tí à ń wí ni Kashmir. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso sí Íńdíà àti Pakístánì, tí wọ́n sì lọ ní 1947, ọba Kashmir, Hari Singh, ń ṣiyèméjì. Ní oṣù kẹwàá, àwọn jagunjagun wọlé láti ìhà Pakístánì; ọba fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 pé òun bá Íńdíà lọ, ọjọ́ kejì ni bàálù kó sójà Íńdíà dé Srinagar, ìlú ńlá Kashmir. Ogun dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1949. Ibi tí ọkọ́ dé ni wọ́n yà sórí ìwé ní Karachi, ní Pakístánì, lọ́dún yẹn. Ogun 1971 sún un díẹ̀, ní 1972 sì ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó ń dà wá láàmú yìí. Ó tó nǹkan bí 740 kìlómítà.

Ìlà náà kò tilẹ̀ dé òpin. Ó parí síbi kan tí wọ́n fi àmì sí lórí máàpù, tí wọ́n ń pè ní NJ9842. Láti ibẹ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ pé kó máa lọ sí àríwá títí dé orí yìnyín. Ta ló máa lọ kọ ebè lórí yìnyín? Ní 1984, sójà Íńdíà gun Siachen, orí yìnyín ńlá kan níbẹ̀, lọ.

Ti wa yàtọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà gba ilẹ̀ wa kọjá, Ìlárá wà níhìn-ín, Ìlárá wà lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n bọ́dà ni. Àwọn tó fà á kò fi "ná" kankan sí i.

Ẹ̀gbọ́n tún bi mí pé ṣé "ná" tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣì ń jẹ́ "ná". Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò tíì gbin pèrègún.